Iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán, àti ẹ̀mí ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ọpọlọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ kú ìjókòó.

Medulloblastoma ló wọ́pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọpọlọ ọmọdé. Ìpákọ́ ló ti máa ń hù: ọmọ á máa bì láàárọ̀, orí á máa fọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró ṣinṣin mọ́, ilé á sì máa fún un ní oògùn ibà. Ọmọ méjì lè ní in, kí kókó wọn jọra lójú máíkírósíkóòpù, kí ọ̀kan yè, kí èkejì kú. Àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì wọn ń gbọ́ ló yàtọ̀. Àṣẹ yìí ni a fi pín àrùn náà sí ẹgbẹ́ mẹ́rin: WNT, SHH, ẹgbẹ́ kẹta àti ẹgbẹ́ kẹrin.

Bí Déjì bá ní kí ọjà má ná lónìí, iṣẹ́ náà á gba ọ̀dọ̀ ìjòyè dé ọ̀dọ̀ akéde, kí ọlọ́jà tó ti ìsọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń ti ara sẹ́ẹ̀lì dé inú lọ́hùn-ún, ìyẹn ọkàn sẹ́ẹ̀lì, níbi tí jíìnì, àkọsílẹ̀ àṣẹ ara, wà, tí èyí á ṣí, tí ìyẹn á pa dé. Jẹjẹrẹ ni akéde tó ń kígbe láìsí ẹni tó rán an.

Nínú ẹgbẹ́ WNT, purotéènì tó ń jẹ́ β-catenin ni akéde yìí. Ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì máa run ún, ṣùgbọ́n àṣìṣe nínú CTNNB1, jíìnì tó ń ṣe é, kì í jẹ́ kó ṣeé run. Síbẹ̀, ó lé ní 90 nínú 100 àwọn ọmọ wọ̀nyí tó ń wà láàyè kọjá ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí a rí àrùn náà. Ohun kan tó fà á ni pé kókó náà ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká jẹ́, iṣan náà ń jò, oògùn sì ń ráyè wọlé. Èyí yà mí lẹ́nu títí dòní.

Nínú ẹgbẹ́ SHH, purotéènì PTCH1 ni aṣọ́nà tó di purotéènì mìíràn, SMO, mú. Bí ó bá bàjẹ́, SMO á dìde, GLI, tí í ṣe akéde níbí, á sì wọ inú ọkàn sẹ́ẹ̀lì lọ. Oògùn vismodegib ń dí SMO, ṣùgbọ́n bí ìbàjẹ́ bá wà ní SUFU, tó ń gba iṣẹ́ lẹ́yìn SMO, asán ni oògùn náà. Ó tún lè dá ìdàgbà egungun ọmọ dúró. Bí jíìnì TP53 náà bá bàjẹ́, ewu pọ̀ gan-an.

Ẹgbẹ́ kẹta ló ń bani lẹ́rù jù, pàápàá bí ẹ̀dà jíìnì MYC bá di púpọ̀. Nínú òun àti ẹgbẹ́ kẹrin, jíìnì GFI1 lè wà láìlábùkù, kó kàn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ń tan jíìnì mìíràn, kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

A lè mọ púpọ̀ nínú èyí láìka jíìnì rárá. Àwọ̀ ìdánwò tí a ń fi sára ẹran kókó náà láti wá purotéènì β-catenin, GAB1, YAP1 àti p53 (èyí tí TP53 ń ṣe) ń ṣe é: β-catenin nínú ọkàn sẹ́ẹ̀lì tọ́ka sí WNT, GAB1 tọ́ka sí SHH. Ibi tí ọ̀ràn ti ń bàjẹ́ ni ike tí a gbé ẹran tí wọ́n gé nígbà iṣẹ́ abẹ sí. Fọ́málììnì 10%, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà, tí wọ́n fi báfà (ohun tí kì í jẹ́ kó kan) sí ni kí ẹ lò, kó tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà, fún wákàtí 6 sí 72. Omi iyọ̀ á jẹ́ kó rà. Fọ́málììnì tí kò ní báfà á ba DNA, ohun tí jíìnì wà nínú rẹ̀, jẹ́. Bó bá pẹ́ jù níbẹ̀, àwọ̀ kò ní mú. Kí èsì jáde kí ìtọ́jú onítànṣán tó bẹ̀rẹ̀, torí ìyẹn kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 49 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.