Ara Mọ Oúnjẹ Tí Kò Wá

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà ní Èbúté Mẹ́ta

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ kí wọ́n tó lè jókòó síbí, n kò ní pẹ́. Wọ́n ní ọjà Òyìngbò kò mọ ẹni tí kò wá. Ọjà lè má mọ̀ o, ṣùgbọ́n ara mọ oúnjẹ tí kò wá, ó sì mọ èyí tó ń wá jù.

Oúnjẹ aláìsàn ni iṣẹ́ mi. Bí dókítà ṣe ń kọ oògùn, tó ń sọ iye tí ẹ máa lò, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣírò oúnjẹ fún ẹnì kan pàtó: ọjọ́ orí rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àìsàn tó ń ṣe é, oògùn tó ń lò. Àwọn èèyàn rò pé ká ṣáà máa sọ pé "má jẹ èyí, má jẹ tọ̀hún" niṣẹ́ wa. Èyí tí mo ń sọ jù ní wọ́ọ̀dù ni "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun sí i."

Ẹ wo fúláàsì ẹ̀kọ. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn yín, ẹ̀kọ mímu gbígbóná lẹ máa gbé lọ, ó ṣàn débi pé èèyàn lè rí ìdí ife. Ìfẹ́ ló wà nínú fúláàsì yẹn, n kò bú yín. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, èròjà amúaradàgbà sì ni egbò fi ń jinná. Ẹni tó wọn kílò 60, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, nílò bíi gíráàmù 70 sí 90 èròjà yìí lóòjọ́. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ife ẹ̀kọ tó ṣàn kò tó ti ẹyin kan. Nítorí náà, bí dókítà bá ti ní kó máa jẹun, ẹ po mílíìkì mọ́ ẹ̀kọ náà, ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ sí i, ẹ gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin tẹ̀lé e.

Ẹni tí kò jẹun gidi fún ọ̀sẹ̀ méjì tún yàtọ̀. Bí ẹ bá ṣàdédé rọ oúnjẹ sí i nínú, pòtásíọ̀mù àti phosphate, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, á já wálẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wàrà F-75 fún ọmọ tí àìjẹunrekánú ti wọ̀ lára: kálórì 75 péré nínú mílílítà 100. Ara ọmọ á kọ́kọ́ balẹ̀ kí wọ́n tó gbé F-100, wàrà tó lágbára jù ú lọ, fún un.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, èyí tí kò kún ṣíbí ìpotíì kan. Màgí àti búrẹ́dì wà nínú ìṣirò yẹn o! Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1997, tí wọ́n ń pè ní DASH, fún àwọn èèyàn ní ẹ̀fọ́, èso àti wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀. Wọn ò dín iyọ̀ wọn kù. Síbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nọ́ńbà òkè tí wọ́n máa ń kà bí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fi bíi 11 wálẹ̀ lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Pòtásíọ̀mù inú ẹ̀fọ́ àti èso wà lára ohun tó ṣe é.

Ibí gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀. Pòtásíọ̀mù kan náà lè pa ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, torí pé kíndìnrín ló ń tọ̀ ọ́ dànù. Omi àgbọn tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, tòmátò tó ki, gbogbo wọn kún fún un. Iyọ̀ àwọn aláìsàn tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn pàápàá, pòtásíọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò iyọ̀ inú rẹ̀. Nítorí náà, kí aládùúgbò tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe tó fún yín ní ìtọ́ni oúnjẹ tó gbà á là, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tiyín.

Bàbá kan nawọ́: ṣúgà òun ti ń gòkè, ṣé kí òun fi ẹ̀bà sílẹ̀ kí òun máa jẹ àmàlà? Mo ní bí ẹ bá wọn gíráàmù 100 gààrí, tí ẹ wọn 100 èlùbọ́, bíi 80 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa di ṣúgà nínú ara. Bí òkèlè ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀, àti ohun tí ẹ fi tì í. Ní ọdún 2002, ìwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè, tí wọ́n tún oúnjẹ wọn ṣe, tí ìwọ̀n ara wọn dín kù díẹ̀, tí wọ́n sì ń rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, fi ìdá 58 nínú 100 dín ewu àtọ̀gbẹ kù. Metformin, oògùn tí wọ́n ń fún alátọ̀gbẹ, dín in kù ní ìdá 31.

Bàbá ní, "Báwo wá ni kó ṣe tó?" Mo ní kí wọ́n di ìkúùkù: ẹ̀bà tó tó ìyẹn, kí ẹ̀fọ́ tó wà nínú abọ́ jù ú lọ, kí ẹja wà níbẹ̀.

Bàbá wo ìkúùkù rẹ̀, ó wo ti ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í, ó ní, "Ìkúùkù ta ni, nọ́ọ̀sì?"

Nọ́ọ̀sì kọ́ ni mí, ṣùgbọ́n mo dáhùn. "Tiyín ni, bàbá. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín bá yín dì í."