Sẹ́ńsọ̀ Ámóníà Nínú Pọ́ǹdù Ẹja: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Gbà Á Gbọ́?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹ́ja. Ohun tí mo bá wá lónìí ni pé nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀ ámóníà ń gbé jáde, bẹ́ ẹ bá ṣe kálíbírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ sí náà ló máa rí. Kálíbírẹ́ṣọ̀n ni pé ká ti sẹ́ńsọ̀ bọ omi ìdíwọ̀n, ìyẹn omi tá a ti mọ iye tó wà nínú ẹ̀, ká fi tún un ṣe kó lè kà á bó ṣe yẹ.

Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, àmóníọ̀mù inú omi, ìyẹn irú ámóníà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára, ló ń mú, á sọ ọ́ di iná kékeré tá à ń fi mílífóòtì wọ̀n. Ní 25°C, tí àmóníọ̀mù bá di ìlọ́po 10, mílífóòtì yẹ kó yí ní bíi 59. Ẹ máa kọ iye yìí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe kálíbírẹ́ṣọ̀n, tó bá ti já sí 45, ẹ pààrọ̀ orí ẹ̀, bí ẹ̀rọ náà tiẹ̀ kọ "OK" gàdàgbà síbẹ̀.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Ẹlòmíì á fi omi ìdíwọ̀n 10 àti 100 mílígíráàmù ní lítà kan ṣe é, bẹ́ẹ̀ omi pọ́ǹdù tó fẹ́ wọ̀n kò tó 3! Omi ìdíwọ̀n yín gbọ́dọ̀ há ti pọ́ǹdù sáàárín, bíi 0.5 àti 10. Gíráàmù 3.819 àmóníọ̀mù kíláráìdì tó gbẹ dáadáa nínú lítà omi kan, 1000 mílígíráàmù nàìtírójìn nìyẹn, àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó ni kẹ́ ẹ fi omi là á dé iye tẹ́ ẹ fẹ́ torí èyí tó bá ti fẹ́lẹ́ kì í pẹ́ yí padà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìgò náà léfòó nínú pọ́ǹdù kí ooru wọn lè bára mu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da ìgbẹ́ adìyẹ sómi, pọtásíọ̀mù wà níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ máa ń ṣì í mú fún àmóníọ̀mù, bí ìdá kan nínú 10 rẹ̀ ló máa kà mọ́ ọn. Ẹ bu omi kan náà lọ sí lábù kẹ́ ẹ fi wéra. Irú sẹ́ńsọ̀ tá a máa fi kọ́síìkì sódà gbé pH omi (nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó tàbí bó ṣe ní agbára bíi sódà tó) kọjá 11 kó tó mú ámóníà bíi gáàsì, pọtásíọ̀mù ò lè tàn án.

Ẹ má fojú kékeré wo pH o. Ámóníà tó ń pa ẹja gan-an, ní 25°C, kò tó ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ òun àti àmóníọ̀mù ní pH 7, ó di bíi 5 ní pH 8, ó di bíi 36 ní pH 9. Omi tó bá ti di àwọ̀ ewé, ọ̀sán ni pH ẹ̀ máa ń gòkè, torí náà ẹni tó ń wọn tàárọ̀ nìkan, tí ò sì ṣe kálíbírẹ́ṣọ̀n sẹ́ńsọ̀ pH ẹ̀ pẹ̀lú, kò tíì mọ ohun tí ẹja ẹ̀ ń fojú rí.

Tẹ́ ẹ bá wọ̀n tán, ẹ tún ti sẹ́ńsọ̀ bọ omi ìdíwọ̀n 1. Tó bá ka 0.9 sí 1.1, ó dáa. Tó bá ka 1.4, ẹ sàmì sí gbogbo nọ́ńbà ọjọ́ yẹn, ẹ tún kálíbírẹ́ṣọ̀n ṣe, kẹ́ ẹ padà lọ wọn omi náà.