Kí Ọmọ Kú, Kí Ọmọ Nù: Ọ̀rọ̀ Lórí Sójà Tí Kò Bọ̀

Bí mo ṣe sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn l'Ákùúrẹ́ ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, àfi ibi tí mo ti dákẹ́ mu omi.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Mo rí i pé àwọn ìyá kan wá láti bárékè. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín, nítorí ohun tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ìtàn lásán létí yín.

Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú, ó yá ju kí ọmọ ẹni nù lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀rọ̀ ìkà ni mo pè é. Abiyamọ wo ni yóò fẹ́ kí ọmọ òun kú? Ìgbà tí mo gbọ́ ìtàn àbúrò bàbá mi dáadáa ni mo tó gbà pé ẹni tó pa òwe yẹn ti rí ogun rí.

Láyé ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àti ṣáájú rẹ̀ pàápàá, bí jagunjagun bá kú síbi tí wọn kò ti lè gbé òkú rẹ̀ wálé, àwọn tí wọ́n jọ lọ á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á dì í bọ̀. Ìyẹn ni ẹbí máa sin. Ẹ wò ó: ẹ̀rí ni wọ́n gbé wálé, kì í ṣe òkú. Ẹ̀rí yẹn ló ń yọ ọmọ kúrò nínú "ó nù" bọ́ sínú "ó kú". Ìyá á sunkún, bó bá sì yá, á nu ojú.

Ogun Bóma, nígbà ogun àgbáyé kejì, ló da àṣà yẹn rú. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà nínú dífíṣọ̀n 81 àti 82 jà nínú igbó Bóma títí di 1945, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ru ẹrù ogun lórí bí ẹni ń ti oko bọ̀. Ní Taukkyan, nítòsí Yangon ní Bóma níbẹ̀, ilé ìrántí olókùúta kan wà tí orúkọ ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, orúkọ àwọn sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ sàréè wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀. Lójú tèmi, òkúta yẹn ni irun àti èékánná tiwọn, àmọ́ ìyá tó wà l'Óǹdó kò lè nawọ́ kàn án.

Ogun abẹ́lé wá dé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn sójà Biafra gba Benin, wọ́n sì wọlé títí dé Òrè kí wọ́n tó dá wọn dúró. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbí mọ gbólóhùn tó kù lẹ́nu aráàlú: "Ó le kú, ìjà Òrè!" Láìpẹ́ yìí, ẹnu ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù ni mo ti gbọ́ ọ. Iye ọmọ ogun Nàìjíríà, tó jẹ́ nǹkan bí 10,000 kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, fò sókè dé nǹkan bí 250,000. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ nídìí ẹ̀kọ́ ìbọn tí wọ́n fi kó wọn lọ.

Àbúrò bàbá mi wà lára wọn. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó kúrò nílé wa ní Arákálẹ̀ ní 1968. Ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970, kò bọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnìkan tí wọ́n jọ wà lójú ogun wá. Bí àṣà wa ṣe rí, kò bá ìyá sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ló lọ túfọ̀ sí. Bàbá àgbàlagbà yẹn jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú kó tó rìn wá sílé wa. Ó ní ara ọmọ náà ni kò yá.

Ìyá àgbà ní, "Ọsibítù wo ló wà?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ó bá yíjú sí sójà náà: "Ìwọ, ṣé o rí òkú rẹ̀?" Ọmọkùnrin náà kò parọ́. Ó ní àwọn ń sá padà ni, àwọn fi í sílẹ̀ níbi tó ṣubú sí.

Bí ilé wa kò ṣe ṣe òkú ọ̀fọ̀ nìyẹn. Ẹ kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe é: kò sí àsè, kò sí orin, wọ́n á sin ọmọ náà kíá, òbí kì í sì í dé ojú oórì. Lónìí, bí sójà bá kú ní Borno, wọ́n á ká àsíá orí pósí, wọ́n á fi lé ìyàwó tàbí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́bàá sàréè. Mo ti gbọ́ táwọn àgbà ń sọ pé èèwọ̀ ni kí ìyá dúró níbẹ̀. N kò lè bá wọn jiyàn lórí èèwọ̀. Ó kéré tán, wọ́n fi nǹkan lé ìyẹn lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ogun parí yẹn ni ìjọba wá yàn fún ìrántí àwọn ọmọ ogun, dípò ti oṣù kọkànlá tí òyìnbó fi sílẹ̀. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyá àgbà á dìde, á lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kò bínú. Ayẹyẹ àwọn tó kú ni, kò kan òun.

Nígbà tí òun náà papòdà ní 1994, ìwé ètò ìsìnkú dá awuyewuye sílẹ̀. Ojú ewé àwọn ọmọ ni: ṣé kí wọ́n kọ "olóògbé" sí orúkọ àbúrò bàbá mi? Àwọn kan ní ọdún 26 ti tó, kí la tún ń dúró dè? Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìyá àwọn kò fẹnu ara rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n bá kọ orúkọ náà sílẹ̀ lásán, ẹni kẹta nínú mẹ́fà. Àwọn tó kù ní ìlú níwájú orúkọ tiwọn: Ìbàdàn, Èkó, Oǹdó. Tirẹ̀ kò ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ìtẹ̀wé rán ọmọ iṣẹ́ wá sílé wa. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti gbàgbé láti kọ ibi tí ẹni kẹta ń gbé. Bàbá mi gba bébà náà, ó wò ó títí, ó dá a padà fún un. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.