Fóònù Kọ́ Ló Ń Fọ́ni Lójú: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ará Ìkòròdú Sọ

Ẹ kú déédé ìwòyí o. Àwọn tí ò ráyè wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tá a ṣe ní Ìkòròdú ní kí n kọ ohun tí mo sọ síbí, òun nìyí, mi ò yí i padà púpọ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé "Dókítà, ṣé òótọ́ ni pé fóònù máa ń fọ́ èèyàn lójú?" Rárá o. Kò sí ẹ̀rí pé ìmọ́lẹ̀ fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà ń fọ́ ojú. Ohun tó ń ṣe ni pé ojú á gbẹ, á máa ta, á máa ro, orí á máa fọ́ni, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ gbogbo nǹkan á máa ṣe bàìbàì. Ìyẹn ń nini lára lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn ò fọ́jú. Ohun táwọn èèyàn wá ń kán sójú nítorí ẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, màá débẹ̀.

Mo pe ọmọkùnrin kan síwájú, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASUSTECH ni, mo ní kó máa bá mi sọ̀rọ̀ kí àwọn tó jókòó níwájú máa ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn mo ní kó mú fóònù ẹ̀ jáde kó máa gbá géèmù. Ẹ ò bá wá wò ó, ó ranjú mọ́ fóònù báyìí, ó pẹ́ kó tó ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀kan, èyí tó sì ṣẹ́ gan-an, ìpéǹpéjú òkè ò kan ti ìsàlẹ̀ tó fi padà sókè. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn máa ń ṣẹ́jú bí ìgbà 15 ní mínúùtì kan, tá a bá ti tẹjú mọ́ fóònù ó lè má tó ìdajì ìyẹn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tá a bá ṣẹ́jú la fi ń fi omi pa ojú lára. Omi yẹn kì í ṣe omi lásán, òróró wà lórí ẹ̀ tó ń jáde láti etí ìpéǹpéjú, òróró yẹn ni kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Mọ́mì kan tó ń ṣe POS ní Sábó wá dìde, wọ́n ní "ẹ̀ ń sọ ojú gbígbẹ, tèmi ń da omi wàà ni." Mo ní mà, ojú gbígbẹ náà ni. Tí ojú bá gbẹ ó máa ń ta, títa yẹn ló ń mú omi ya lójijì, àmọ́ omi yẹn ò dúró lójú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń bá lọ. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń jókòó, wọ́n ní títì làwọn kọjú sí, eruku ń fẹ́, oòrùn ń pa fóònù, fáànù kékeré tí wọ́n ń ṣáàjì sì dojú kọ wọ́n gan-an látàárọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yí fáànù yẹn síbòmíì ná.

Iṣan kékeré kan tún wà nínú ojú tó máa ń fún pọ̀ ká tó lè rí ohun tó sún mọ́ wa. Ẹ na garawa òfìfo síwájú, kò wúwo, àmọ́ ẹ nà án fún wákàtí kan kẹ́ ẹ wò ó. Ohun tá à ń fi iṣan yẹn ṣe nìyẹn tá a bá wo fíìmù lórí fóònù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìkòròdú dé Mile 12. Tẹ́ ẹ bá ti wò ó fún mínúùtì 20, ẹ gbójú sókè, ẹ wo ohun tó jìnnà tó mítà 6 fún sẹ́kọ́ǹdì 20, kẹ́ ẹ sì ṣẹ́jú dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kó jìnnà tó gígùn apá yín, kó rẹlẹ̀ sójú yín díẹ̀.

Ti gíláàsì tí wọ́n ń tà pé ó ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù tó ń jáde lára fóònù, ẹ tọ́jú owó yín. Lọ́dún 2023 Cochrane, àjọ kan tó máa ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí 17 jọ, wọn ò rí i pé ó ń dín ojú ríro kù ju gíláàsì lásán lọ.

Àwọn ọmọ wa lọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Ojú ọmọ ṣì ń dàgbà, tó bá jẹ́ ohun tó wà nítòsí nìkan ló ń wò tí kì í jáde síta, ẹyinjú ẹ̀ lè gùn jù, kò ní rí bọ́ọ̀dù nílé ìwé mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ìta ló ń dáàbò bo ojú ọmọ, ìyẹn ni Taiwan ṣe ní káwọn ọmọ iléèwé máa wà níta fún wákàtí 2 lójúmọ́ láti ọdún 2010. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má wo fóònù rárá.

Ẹni tó ti lé ní 40 tó ń na fóònù jìnnà kó tó lè kà á, ọjọ́ orí nìyẹn, gíláàsì ìkàwé ló máa yanjú ẹ̀.

Ó wá ku ohun tá à ń kán sójú. Mọ́mì POS yẹn mú ìgò kékeré jáde nínú pọ́ọ̀sì, wọ́n ní kẹ́mísìtì ló tà á fáwọn, àtìgbà tí ojú ti ń pọ́n ni wọ́n ti ń kán an, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo kà á lára ìgò, dexamethasone ni. Steroid nìyẹn, oògùn tó ń dín pípọ́n àti wíwú kù. Ó máa ń mú kí ojú mọ́ lóòótọ́, àmọ́ téèyàn bá ń kán an lọ láìsí dókítà, agbára omi inú ojú lè lọ sókè, ó lè fa cataract, ìyẹn kí dígí inú ojú ṣú, ó sì lè fa glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Glaucoma kì í dunni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú bọ̀, téèyàn bá fi máa mọ̀ ó ti jìnnà, èyí tó bá sì ti lọ ò lè padà mọ́. Àwa èèyàn dúdú ló sì ń bá jà jù. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé "fóònù ni" nígbà tó jẹ́ pé glaucoma ló wà níbẹ̀. Ìtọ̀ àti omi ṣúgà tí àwọn kan ń kán sí i ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láé, kòkòrò ló ń kó wọ ojú.

Mo ní kí mọ́mì gbé ìgò yẹn dání lọ sí ẹ̀ka ojú ní ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin náà tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ní glaucoma, tàbí tẹ́ ẹ ti lé ní 40, ẹ lọ kí wọ́n wọn agbára omi inú ojú yín, kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn ojú. Kò la abẹ́rẹ́ lọ, kì í pẹ́. Àmọ́ tí ojú bá dùn yín gan-an tó sì pọ́n, tàbí tí ẹ ò ríran dáadáa mọ́ lójijì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.