Ọ̀nà Tí Ẹ̀jẹ̀ Gbà Dé Isan

Mo kí gbogbo yín o. Ẹni tó bá rin àdúgbò Yaowarat já ní Bangkok, olú ìlú Táílàǹdì, àwọn tí baba ńlá wọn ti Ṣáínà wá, tí wọ́n ń ta góòlù, ló máa pọ̀ jù lójú rẹ̀. Pupa ni ọ̀pọ̀ wọn. Kó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Isan, lápá àríwá ìlà-oòrùn, àwọn tó máa rí á dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Thai ni gbogbo wọn.

Èdè ló ń ṣi wá lọ́nà. A rò pé àwọn tó ń sọ èdè kan náà, orísun kan ni wọ́n ti ṣẹ̀. Gúúsù Ṣáínà ni àwọn tó mú èdè Tai wá ti ṣí, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n bá àwọn Mon àti Khmer tó ń gbin ìrẹsì nílẹ̀. Wọ́n fẹ́ra wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mon kàn gba èdè àlejò ni.

Isan tiẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1827, Anouvong, ọba àwọn Lao ní Vientiane, dìde sí Siam, bí wọ́n ti ń pe Táílàǹdì nígbà náà. Siam ṣẹ́gun, wọ́n pa Vientiane run, wọ́n sì kó àwọn Lao sọdá odò Mekong lọ́pọ̀ yanturu. Wọn ò fẹsẹ̀ ara wọn wá, kíkó ni wọ́n kó wọn. Lónìí, ọmọ Lao tó wà ní Táílàǹdì pọ̀ ju ti Laos fúnra rẹ̀ lọ. Ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́wọ́ ni wọ́n ń jẹ síbẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ rọ ọ́ bí òkèlè kí wọ́n tó tì í bọ ọbẹ̀.

Ó dùn mí pé àwọ̀ wọn ni àwọn kan ní Bangkok fi ń fojú tín-ín-rín wọn. Bẹ́ẹ̀, oòrùn oko wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tó ń gbin ìrẹsì á wé aṣọ mọ́ orí àti ojú, ẹyinjú nìkan ló máa hàn, nínú ooru yẹn, kó má baà dúdú.

Ohun tí wọ́n jogún gan-an kò hàn lójú. Lọ́dọ̀ wa, AS àti AA la máa ń bi àfẹ́sọ́nà. Ní Isan, lẹ́tà E ni, irú ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní haemoglobin E. Lẹ́bàá ààlà Cambodia, níbi tí ẹ̀jẹ̀ Khmer ti pọ̀, láwọn ibì kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì èèyàn tó ní in. Ibà ló fà á, bó ṣe fa S tiwa: àwọn tó ní in ni ibà kì í tètè pa, àwọn ni wọ́n sì dàgbà bímọ. E nìkan kì í sábà dá èèyàn dùbúlẹ̀, kódà bó bá ti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá wá. Àmọ́ tó bá pàdé thalassaemia, àìsàn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá mìíràn, ọmọ náà lè máa gba ẹ̀jẹ̀ títí ayé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláboyún wò níbẹ̀, tí wọ́n bá sì rí nǹkan, wọ́n á ní kó lọ mú ọkọ rẹ̀ wá.