Ilé Fernandez tó di ilé Ọláìyá

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ wo fọ́tò yìí dáadáa kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní òpópónà Bámgbóṣé, tó dojú kọ Tinúbú Square ní Èkó. Ẹ wo orí àwọn ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yẹn: kò sí èyí tó rí gbọọrọ, ṣe ni wọ́n tẹ̀ bí òṣùmàrè. Bákan náà ni fèrèsé òkè, tòun ti irin tí wọ́n lọ́ sí iwájú wọn.

Ilojo Bar ni gbogbo Èkó mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ nìyẹn. Casa do Fernandez ni.

Nǹkan bí ọdún 1855 ni ẹbí Fernandez kọ́ ọ. Ọba Dòsùmú ló wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, ó sì ku ọdún mẹ́fà kí òyìnbó tó gba Èkó. Àgùdà ni ẹbí Fernandez, ìyẹn àwọn tó ti Bùràsíìlì dé. Ẹrú ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ Àgùdà lọ. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé bọ̀. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà, télọ̀ wà. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ń ṣòwò láàárín Èkó àti Bahia ní Bùràsíìlì. Tábà àti ọtí ń ti ọ̀hún bọ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń tibí lọ: obì, ọṣẹ dúdú, aṣọ òfì, epo pupa. Àwọn wo ló ń rà á? Àwọn ọmọ Yorùbá tí kò rọ́nà padà wálé ni. Ká má tan ara wa jẹ o, kí òwò òkun yẹn tó di ti obì, ẹrú ló jẹ́, àwọn kan lára àwọn Àgùdà náà sì lọ́wọ́ sí i.

Ẹbí Fernandez ò fi ilé yìí ṣe fààrí lásán. Ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe, wọ́n ń fi pawó.

Ní 1933, ilé bọ́ sọ́wọ́ Alfred Ọláìyá, olówó kan láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ní Èkìtì. Òun ló fi orúkọ ilé wọn lọ́hùn-ún sọ ọ́: Ilojo. Ẹ ò rí i pé orúkọ yí padà, àmọ́ ilé ọtí ò kúrò nínú rẹ̀, òun ni "Bar" yẹn? Bẹ́ ẹ bá ti jó highlife rí, ẹ mọ ọmọ bàbá yìí: olóògbé Victor Ọláìyá tó máa ń fun fèrè nígbà ayé rẹ̀.

Ní 1956, ìjọba kéde ilé náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹbí ló ni ín, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ wó o láìgba àṣẹ. Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, lójú tèmi. Ilé tó ń bọ́ ara rẹ̀ látọjọ́ yìí wá di ilé tó ń gbọ́ òfin. Ta ló máa tún òrùlé ṣe? Ta ló máa rẹ́ ògiri tó ń ṣí? Lórí ilẹ̀ tó wọ́n tó ti Tinúbú, ìwé ìkéde ò tó nǹkan.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kẹsàn-án, 2016. Iléyá ku ọ̀la. Gbogbo ọ́fíìsì ti tì, onílé ń wá àgbò. Katakátá dé, ó sì wó ilé náà lulẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bínú gidi, wọ́n ní ìwà ọ̀daràn ni. Ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn wá ni pé ilé ti gbó jù, ó lè wó lu èèyàn. Ó ṣeé ṣe kó gbó lóòótọ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù kí ilé má wó pa èèyàn, ṣé ìrọ́lẹ́ ọdún ló yẹ kó mú?

Fọ́tò ìta ilé yìí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti inú ilé ni mò ń wá: àtẹ̀gùn, pálọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Bí bàbá yín àgbà bá ya fọ́tò kan níbẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.