Ọ́síjìn kì í yà sójú titanium oxide lásán, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe lórí ọ́síjìn àti titanium oxide mọ̀ pé iná lọ kí n tó dé slide kẹta, ẹnu lásán ni mo fi parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún, àwọn kan wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí ò ráyè wá. Mi ò ní kọ gbogbo ẹ̀ o. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa ò ju ẹyọ kan lọ: níbi yòówù tẹ́ ẹ bá ti rí ọ́síjìn tó ń bá titanium oxide ṣe nǹkan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn hóró tín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù tó ń gbé iná, dà, ta ló ń fún un?

Kò sí bẹ́ ẹ ò ṣe ní ti fọwọ́ kan titanium oxide lónìí. Titanium àti ọ́síjìn tó so pọ̀ ni, ìyẹ̀fun funfun báláú, òun ló ń mú pẹ́ńtì funfun, ó wà nínú ọṣẹ ìfọyín, nínú ìpara tí àwọn èèyàn fi ń dènà oòrùn, lára oògùn oníhóró míì. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin dè é nínú oúnjẹ láti 2022, àmọ́ ẹjọ́ yẹn kọ́ la wá dá. Oríṣi kírísítà ẹ̀ méjì, ìyẹn bí àwọn átọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣe tò, tá a máa ń gbọ́ jù ni rutile àti anatase, ojú rutile kan tí wọ́n ń pè ní 110 làwọn onímọ̀ sì ti yẹ̀ wò jù.

Ẹ jẹ́ ká fi danfo ṣàlàyé ẹ̀. Nínú kírísítà, ọ́síjìn mẹ́fà ló yí titanium kọ̀ọ̀kan ká. Tá a bá wá dé ojú ẹ̀ níbi tí kírísítà ti parí, titanium míì á ní márùn-ún péré, àwọn yẹn tò sórí ìlà, àwọn ọ́síjìn míì sì tò sórí ìlà tiwọn láàárín wọn, wọ́n yọ sókè díẹ̀ bí ìjókòó danfo tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Tí gbogbo ìjókòó yẹn bá pé, tí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá dé, á kàn fara kàn án ni, á bá tiẹ̀ lọ. Ìdí ni pé titanium ti náwó ọwọ́ ẹ̀ tán, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè yọ sílẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn ọ́síjìn tó yí i ká, kò sí nǹkan kan tó máa fi ṣe àlejò lálejò.

Àmọ́ ẹ gbé kírísítà yẹn sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ wá mú un gbóná dáadáa. Àwọn ọ́síjìn kan á já kúrò lórí ìlà wọn, nígbà míì bíi 5 sí 10 nínú 100, wọ́n á lọ, wọ́n á sì fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì méjì sílẹ̀. Ojú lẹ máa fi rí i: kírísítà tí kò láwọ̀ kan gbòógì á di búlúù bí aṣọ tí wọ́n rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ bá tún sun ún sí i á ṣú bí èyí tí wọ́n rì bọ̀ ọ́ léraléra. Àlàfo ti wà báyìí, owó sì wà nílẹ̀. Ọ́síjìn méjì tó so pọ̀ á dé, wọ́n á já ara wọn sílẹ̀, ọ̀kan á jókòó sí àlàfo yẹn, èkejì á rọ̀ mọ́ titanium ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bíi kọ́ńdọ́ tó di ilẹ̀kùn danfo mú. Àwọn míì ò ní já rárá, wọ́n á kàn gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, wọ́n á di ohun tí wọ́n ń pè ní superoxide, wọ́n á sì jókòó pa pọ̀ síbẹ̀ títí ooru á fi lé wọn kúrò ní bíi 410 K, ìyẹn nǹkan bíi 137 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní 2008 làwọn onímọ̀ kan ní Aarhus, ní Denmark, tún fi hàn pé owó ọ̀hún ò wá láti inú àlàfo nìkan, pé àwọn titanium tó fara pamọ́ sísàlẹ̀, tí wọn ò sí ní ipò wọn, náà ń yáni.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Máíkírósíkóòpù tí wọ́n fi ń wo ojú yìí, STM, abẹ́rẹ́ ló ní, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló sì ń fọwọ́ bà, kì í ṣe bí nǹkan ṣe ga tó. Nítorí náà ìlà ọ́síjìn tó yọ sókè á dúdú nínú àwòrán, ìlà titanium tó wà nísàlẹ̀ á tàn, òdìkejì ohun tójú ń retí! Àlàfo á wá yọ bí àmì kékeré tó tàn lórí ìlà dúdú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé omi ò ṣeé lé tán. Bí ohun tó kù nínú àpótí ò tiẹ̀ ju ìdá kan nínú tírílíọ̀nù mẹ́wàá afẹ́fẹ́ ìta, omi tó wà nínú ìwọ̀nba yẹn á wá àlàfo rí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á kó sínú ẹ̀, á sì di OH méjì, ìyẹn ọ́síjìn kan tó so mọ́ háídrójìn kan, OH yẹn náà á tàn lórí ìlà dúdú. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń wo OH tí wọ́n ń pè é ní àlàfo, ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n ń kí! Àwọn iṣẹ́ tó jáde ní 2005 àti 2006 ló tú u fó. Ti anatase tún yàtọ̀, abẹ́ ojú ni àlàfo tiẹ̀ fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí, ní 2013 ni onímọ̀ kan, Ulrike Diebold, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Vienna, ní Austria, fi abẹ́rẹ́ STM fa àwọn kan jáde wá pàdé ọ́síjìn.

Àwọn mẹkáníìkì náà ń jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oxygen sensor àwọn Nissan kan, ìyẹn ohun tó ń wo bí ọ́síjìn inú èéfín ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó, titanium oxide ló wà nínú ẹ̀. Tí epo bá pọ̀ jù, ọ́síjìn inú èéfín á dín, àlàfo á pọ̀, iná á ráyè kọjá, tí ọ́síjìn bá pọ̀ á gba àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn padà, ọ̀nà á dí, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì mọ̀. Oríṣi kejì, onízirconia, fúnra ẹ̀ ló ń pèsè iná díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè yọ ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì dípò ẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́, kódà tí ẹnu ẹ̀ bá wọlé.

Ẹnìkan wá béèrè pé tí kò bá sí àlàfo ńkọ́? Oòrùn ni! UV, ìmọ́lẹ̀ inú oòrùn tójú wa ò rí, lè ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò ní àyè ẹ̀, àwọn onímọ̀ méjì ará Japan, Fujishima àti Honda, sì gbé e jáde ní 1972 pé pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ yìí titanium oxide lè pín omi sí ọ́síjìn àti háídrójìn. Tí ọ́síjìn bá wà nítòsí á gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn, ihò tó ṣẹ́kù níbi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti kúrò á fa tiẹ̀ gbà lára omi, àwọn ohun tó ń tara ẹ̀ jáde máa ń jẹ ìdọ̀tí, ohun tó ń mú gíláàsì aláfọ̀ra-ẹni ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń jẹ gọ́ọ̀mù inú pẹ́ńtì o. Ògiri ilé wa tó kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ bá fàtẹ́lẹwọ́ rá a lẹ́ẹ̀kan, àtẹ́lẹwọ́ yín á funfun bíi ti ẹni tó mú ṣọ́ọ̀kì, èyí tó wà lábẹ́ igi máńgò lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n kùn lọ́jọ́ kan náà, kì í yọ nǹkan kan. Lóòótọ́ o, pẹ́ńtì tí gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tó láti ilẹ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má di gbogbo ẹ̀ ru titanium. Ṣùgbọ́n ìdí rèé táwọn tó ń ṣe ojúlówó pẹ́ńtì ìta fi ń lo rutile dípò anatase, tí wọ́n sì máa ń fi silica àti alumina bo hóró ẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọ́síjìn má baà ríbi tọwọ́ bọ̀.